Ta Ló Ń Kanlẹ̀kùn Lóru?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí kò bá rí àpótí jókòó lé, kó da odó yẹn dojú dé, odó kò níṣẹ́ kankan lálẹ́ yìí. Ẹ sì bá mi lé ewúrẹ́ yẹn kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Ìyá Ìbejì tẹ́lẹ̀, kó gbé tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, nítorí Ìyá Ìbejì kì í dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti kígbe. Ibẹ̀ gan-an lèmi ń lọ.

Ẹ mọ Tọ́ntọ̀n, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ta ni kò mọ Tọ́ntọ̀n ní Igana? Ọkọ Ìyá Ìbejì, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í ṣí fìlà, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe iṣẹ́ ọgbà fún òyìnbó kan ní Kútọnu, ó wá padà wálé pẹ̀lú bàtà méjì, ìwé kàyé mẹ́rin, àti àìsàn kan tí kò ní oògùn: ó gbọ́dọ̀ ka ohun gbogbo. Ó ń ka ẹyin lábẹ́ adìẹ. Ó ń ka ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ yá a ní ìṣáná wò, yóò kà á kó tó gbà á, yóò tún kà á nígbà tó bá ń dá a padà, bí ẹni pé èyí tí wọ́n ti ṣá lè tún hù. Gbogbo ohun tó bá kà, inú kàyé ló ń lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọkùnrin tó bá mọ iye ohun tó wà nílé rẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Nígbà tí òyìnbó yẹn ń lọ sílé pátápátá, ó ta ọkọ̀, ó ta firíjì, ó ta bẹ́ẹ̀dì. Ohun kan ṣoṣo tí kò rí ẹni rà ni àpótí gíláàsì gbàǹgbà kan tó kún fún omi òkun, òkúta òkun láti ọ̀nà jíjìn, àti ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère. Ó ní kí Tọ́ntọ̀n máa gbé e lọ. Ẹlòmíì ì bá ní kó dá owó lé e. Tọ́ntọ̀n béèrè pé ẹja mélòó ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí òkun ṣe dé Igana nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa, ilẹ̀ pupa àti igbó ọ̀pẹ ni. Ẹ bá lọ sí ọ̀nà Ọ̀họ̀rí lásìkò òjò, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ á gba bàtà lọ́wọ́ yín, kò sì ní dá a padà. Ẹja òkun tí à ń rí níbí, ó ti gbẹ, ó ti ká ìrù sẹ́nu, ó ń retí ọbẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn yà wọ agboolé wa, ẹja tó lajú sílẹ̀ tó sì ń mí la rí. Bàbá àgbà dìde dúró fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bídọ̀. Omi òkun náà, inú bídọ̀ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n rọ ọ́ sí, irú bídọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n fi ń gbé epo kpayo láti ẹ̀yìn ààlà. Wọ́n kọjá Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó bi wọ́n. Kí wọ́n tó dé Sakété ni ọ̀gá aṣọ́bodè kan dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ó ní kí ló wà nínú bídọ̀. Tọ́ntọ̀n ní, “Òkun ni, ọ̀gá.” Ọ̀gá ní kí wọ́n ṣí òkun ọ̀hún. Ó gbé imú sí i, kò gbọ́ òórùn epo. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí ojú ẹni tó jẹ orógbó. Ó wo bídọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, ó wo Tọ́ntọ̀n láti fìlà dé bàtà, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Bàbá, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, kí wọ́n sì tọ́jú yín dáadáa.”

Ìtọ́jú omi yẹn, ẹ ò lè mọ̀. Lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tó gíráàmù 35, ẹja òkun kò sì gbọ́ èdè omi kànga. Èyí tó wá pa àwa obìnrin lẹ́rìn-ín ni pé tí oòrùn bá fa omi lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ṣe ló ń dúró. Nítorí náà tí omi bá dín, omi òjò lásán ni wọ́n ń fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀ mìíràn. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá Ìbejì? Kò sí. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé omi ti fà, àánú ṣe é, ó bu iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú rẹ̀. Tọ́ntọ̀n dé, ó rí iyọ̀ funfun nísàlẹ̀ omi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni tọkọtaya yìí fi ń rán ọmọ síra wọn. “Lọ sọ fún bàbá rẹ pé ẹ̀kọ ti délẹ̀.” “Lọ sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́.” Bẹ́ẹ̀ orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí, ọmọ ń dúró láàrin wọn, kò tilẹ̀ mọ apá ibi tí yóò kọjú sí.

Tí iná bá wá lọ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú omi yóò dákẹ́, ẹja yóò máa yánu lókè. Tọ́ntọ̀n á súfèé, gbogbo ọmọ agboolé á tò bí ọmọ ogun: bu omi sókè, dà á padà, bu omi sókè, dà á padà. Èmi náà ti ṣe é rí di aago méjì òru. Mo fi igbá bu òkun, mo fi orin tù ú.

Ó dáa. Oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀.

Lóru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, a gbọ́ ọ. Tọ́! Bí ẹni fi èékánná ta ìgò. Ìdákẹ́jẹ́. Tọ́! Tọ́!

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni télọ̀, yàrá rẹ̀ ló fara ti ti Tọ́ntọ̀n. Ẹ mọ télọ̀ wa. Aṣọ ọdún Iléyá tí ẹ bá gbé fún un, ọdún tó ń bọ̀ lẹ ó wọ̀ ọ́, apá kan á sì gùn ju ìkejì lọ. Nígbà tó gbọ́ “tọ́” lóru, ó dá a lójú pé oníaṣọ ló dé. Kò dáhùn. Ó pa fìtílà, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di èémí mú. Ẹ gbọ́ mi: òru mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin tó bímọ márùn-ún fi sá pamọ́ fún edé!

Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ pé edé ni nígbà yẹn. Bàbá àgbà ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kó tó wá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú: pé wọ́n kó omi Olókun wá sí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì kí Olókun, kí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Tọ́ntọ̀n ní tirẹ̀ ń ka ìṣáwùrú òkun tó wà nínú àpótí rẹ̀. Mọ́kànlá ni lọ́jọ́ Ajé. Mẹ́sàn-án lọ́jọ́rú. Mẹ́fà lọ́jọ́ Ẹtì, karawun àwọn tó kù sì fọ́ yángá sílẹ̀. Akàn kékeré kan pàdánù apá. Ẹja mẹ́jọ di méje. Ó so ológbò mọ́lẹ̀, ìṣáwùrú tún dín. Ó wá ṣe ohun tí ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ ṣe láyé: ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé kí ni òun rí nínú ọbẹ̀ àná. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, ẹ má dán an wò. Ìyá Ìbejì dáhùn, ìdáhùn náà dé Pobè.

Ẹni tó gbà wá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ní yunifásítì Abomey-Calavi. Ó wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀, ó gbọ́ ẹjọ́, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí wọ́n wá tọ́ọ̀ṣì fún òun. Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì lóru, àwa méjìlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, a di èémí mú. Télọ̀ náà wà níbẹ̀, ó ti jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní ká wo òkúta tó wà ní igun yẹn. Ihò kan wà lára rẹ̀, ó rí róbótó, ẹnu rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹnu ọ̀nà ìyàwó tuntun. Àfọ́kù karawun sì wà níwájú rẹ̀, òkìtì kan. Ó ní, “Tántì, ẹni tó bá ń jẹ ẹran tó ń da egungun sẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, ṣé ó yẹ kí ẹ máa wá a lọ sọ́dọ̀ ológbò?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wò ó tí ojú méjì yọ jáde. Mo ní ojú, kì í ṣe orí. Ojú náà wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan ń yí sápá ọ̀tún, èkejì ń yí sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ara yọ. Kò gùn ju ìka àárín mi lọ, ó fi apá méjèèjì ká mọ́ àyà bí kòkòrò aláwọ̀ ewé tó máa ń dúró bí ẹni tó ń gbàdúrà lórí ewé ẹ̀gẹ́. Àwọ̀ rẹ̀! Ewé tútù, ọsàn, aró, gbogbo rẹ̀ ń tàn bí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Àfi bíi pé yóò jó. (Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa yìí kan náà ni UNESCO kéde ní 2001 pé ìṣúra gbogbo ayé ni. Bàbá àgbà ní àwọn ènìyàn yẹn pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́.)

Ọmọ wa ní wọ́n ń fi edé pè é ni, kì í ṣe edé gidi. Ìran rẹ̀ ti yà kúrò lára ìran edé àti akàn láti nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 400 sẹ́yìn. Àwọn Faransé ń pè é ní squille. Irú rẹ̀ wà nínú òkun tiwa náà, ọ̀kan wà tó ti Mẹditaréníà wá dé Àǹgólà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í jà ìjà ẹ̀ṣẹ́. Apá tiẹ̀ ní ẹ̀gún bí ìyarun, inú yanrìn ló ń gbé, ẹja tó bá kọjá ló ń gún. Èyí tó ń gbé inú òkúta tó sì ń fọ́ karawun, ìgúnpá rẹ̀ lẹ ó wò: ó wú kúlúbọ́ bí orí kùmọ̀. Edé mìíràn tún wà tó máa ń dún bẹ́ẹ̀ lóru, tó ń tan àwọn olùtọ́jú ẹja jẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyẹn kan tóbi ju èkejì lọ fíìfíì. Ó ta tọ́ọ̀ṣì sí ìgúnpá ẹni yìí. Kúlúbọ́.

Tọ́ntọ̀n ní, “Báwo ló ṣe wọlé?” Ó ní inú òkúta ló bá wá, ó ti wà níbẹ̀ láti ilé òyìnbó, ó ṣeé ṣe kó kéré nígbà yẹn. Tọ́ntọ̀n ṣí kàyé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọdún méjìdínlógún tó fi ń kà, ẹnìkan wà nínú ilé tí kò kà.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ náà sọ pé ní 2004, obìnrin onímọ̀ kan ní Califọ́níà, Sheila Patek, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà ayára-bí-àṣá wọn ẹ̀ṣẹ́ irú rẹ̀ kan, wọ́n bá a ní mítà 23 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan lọ. Alùpùpù zemidjan tó ń sá fún òjò kò tó bẹ́ẹ̀. Omi kì í ráyè yà fún un. Ṣe ni omi ń hó wàì di ìfófòó, tí ìfófòó náà bá sì bẹ́, ìbẹ́ rẹ̀ á tún kọlu ìṣáwùrú náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ṣẹ́ kan, ìyà méjì. Ní oṣù kẹrin 1998, ní Ìlú Ọba, ọ̀kan tí wọ́n sọ ní Tyson, ní orúkọ akànṣẹ́ yẹn, fọ́ gíláàsì àpótí rẹ̀. Gíláàsì tó nípọn tó mìlímítà 6! Tyson ọ̀hún kò sì gùn ju ìbú ọwọ́ ènìyàn lọ.

Bó ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́, Tọ́ntọ̀n ti dìde, ó ti ń fi rúlà wọn gíláàsì tirẹ̀. Mìlímítà 10. Ó mí kanlẹ̀. Ó kọ ọ́.

Ó tún sọ ti ojú. Ó ní àwa ènìyàn, oríṣi nǹkan mẹ́ta tó ń gba àwọ̀ ló wà nínú ojú wa. Tirẹ̀ tó 12 sí 16. Gbogbo wa ní há! Àmọ́ ó ní kí a má tíì ṣe há, nítorí ní 2014 àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà dán an wò, wọ́n rí i pé tí àwọ̀ méjì bá jọra díẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ wọn tó bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà, tó ti fìgbà kan bá wọn ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè láti 1922, tí kò sì sí ẹni tó lè fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yangàn sí i, ó wú ikọ́, ó ní: “Mo mọ ẹnìkan nínú agboolé yìí tó rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń lọ síbí, ń lọ sọ́hùn-ún, kò sí ohun tí kò rí. Ìdajì rẹ̀ ló mọ̀.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó ń bá wí.

Ìyá Ìbejì wá béèrè ìbéèrè tirẹ̀: “Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?” Ọmọ náà, ọmọ tí kò mọ̀ pé òtítọ́ máa ń pa ènìyàn, ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ará Ítálì fẹ́ràn ẹlẹ́gùn-ún yẹn gan-an. Ìyá Ìbejì ti yípadà, ó ti ń lọ sídìí ata. Tọ́ntọ̀n na apá méjèèjì síwájú gíláàsì, ó ní, “Mo ti kọ ọ́ sínú kàyé! Ẹni tó bá ti wọ kàyé mi kò wọ ìkòkò!”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ará ilé. Wọ́n gbé òkúta náà tòun tihò, wọ́n fi sínú àpótí gíláàsì kékeré kan tó nípọn, kí àwọn ẹja méje yòókù lè sùn. Àwọn ìbejì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ omi, nítorí àtàǹpàkò àwọn apẹja ló ti là rí. Ẹ ti mọ ẹni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Télọ̀ ní tòun kò rí bẹ́ẹ̀, òun ní irin. Ó fi irin kékeré tí wọ́n fi ń bo ìka tí wọ́n bá ń ránṣọ bọ ìka, ó nà án sẹ́nu ihò. Tọ́! Irin fò, télọ̀ fò, àpótí ìjókòó dojú dé. Ìka kò fọ́ o, ó kàn wú. Àmọ́ ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni tó ti ogun dé, ó sì fi ìka yẹn tọrọ oṣù méjì lọ́wọ́ gbogbo oníaṣọ Igana. Aṣọ òkè tèmi wà nínú rẹ̀. Mo ń retí.

Oúnjẹ Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ wá sọ àwọn ọmọ wa di oníṣòwò. Ìṣáwùrú odò kan, fáràǹ 10. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ojú odò tààrà. Ọmọ mi tí kì í lè ka ìlọ́po márùn-ún ti wá mọ ìlọ́po mẹ́wàá dé ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní dárúkọ, ìyá rẹ̀ jókòó sórí odó yẹn, fi ẹrẹ̀ kún karawun òfìfo, ó tà á. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ gbà á, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó wo inú rẹ̀, ó gbé karawun náà wá síta, ó jù ú sílẹ̀ síwájú Tọ́ntọ̀n. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, bí oníbàárà tó dá ọjà padà!

Ìrọ̀lẹ́ wa yí padà. Ẹ̀rọ tẹlifísọ̀n Bàbá àgbà gan-an kò rí ẹni wò ó mọ́. À ń jókòó yí gíláàsì ká, Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ á dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ojú kan lára mi, ojú kan lára Ìyá Ìbejì. Ó mọ aago oúnjẹ. Tó bá rí fìlà Tọ́ntọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán, á ti bọ́ síta dé ìdajì ara.

Àfìgbà tó di ọjọ́ kan, tí ó kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ, tó fi dí ẹnu ihò rẹ̀ pa látinú. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Tọ́ntọ̀n gbé ìṣáwùrú òkun tó sanra jù lọ síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀, ìṣáwùrú náà rìn kiri ilé bí onílé. Ọjọ́ márùn-ún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, igbe àwọn ìbejì ló jí wa. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀ yanrìn lẹ́yìn òde ihò, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, apá rẹ̀, ojú rẹ̀, ìrù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, kò sì mira.

Tọ́ntọ̀n ṣí fìlà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ, n kò rí orí ọkùnrin yẹn rí. Ó pá. Irun tó kù níbẹ̀ kò pọ̀. Iye rẹ̀ gan-an, inú kàyé ni yóò wà.

A sin ín. Kí ni ẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Inú páálí ìṣáná la tẹ́ ẹ sí, lórí òwú tí télọ̀ mú wá lọ́fẹ̀ẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí télọ̀ ṣe lọ́jọ́ tó dá rèé. Ìdí igi ọsàn la gbẹ́. Bàbá àgbà ta ọtí sódàbì sílẹ̀ díẹ̀, ó sì ta èyí tó pọ̀ jù sọ́fun. Mo dín àkàrà. Tọ́ntọ̀n ṣí kàyé, ó ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé: ìṣáwùrú 217, akàn 14, irin télọ̀ kan, ẹja kan. Níbi tó ti ka “ẹja kan” yẹn, mo rí i tí Ìyá Ìbejì wolẹ̀. Ẹ rántí pé mo rí i. Ìdajì tí mo máa ń mọ̀ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ yẹn, aago mọ́kànlá kọjá, ilé tutù bí ilé òkú ṣe ń rí, ìbejì ti sunkún sùn.

Tọ́!

Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

Tọ́! Tọ́!

Mo gbọ́ tí télọ̀ ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá àgbà ń pe orúkọ àwọn baba rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn Tọ́ntọ̀n ṣí gbà, Ìyá Ìbejì já jáde sí àárín agboolé, ìró lábíyá, orí lásán, ó ń ké bí àkùkọ: “Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, má bínú! Má bínú sí mi! Kì í ṣe ìwọ lo jẹ ẹja kẹjọ! Èmi ni mo dín in! Ó fò jáde lálẹ́, mo bá a nílẹ̀, mo ní kó má ṣòfò!”

Ibi tí kì í sọ nìyẹn. Ẹ ṣé tí ẹ ní sùúrù.

Tọ́ntọ̀n jáde lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kò wo ìyàwó rẹ̀, ìdí gíláàsì ló kọ́kọ́ lọ. A tẹ̀ lé e, ẹni tó lẹ́rù àti ẹni tí kò lẹ́rù. Òkúta wẹ́wẹ́ ti kúrò lẹ́nu ihò. Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yanran, ó gbá ìṣáwùrú tó ti ń ṣe bí onílé láti ọjọ́ márùn-ún yẹn mú, ó sì ń fọ́ ọ lórí.

A pe ọmọ wa ní Calavi lóru yẹn, kò lè sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rín. Ó ní awọ ló bọ́, bí ejò ti ń bọ́ awọ. Tí ara bá fẹ́ dàgbà, karawun àtijọ́ kò ní gbà á mọ́, á ti ilẹ̀kùn, á bọ́ ọ sílẹ̀, á dúró títí tuntun á fi le, nítorí nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀ yẹn, kò lè ja ìjà kankan. Ẹ̀wù rẹ̀ la sin. A fi òwú tẹ́ ẹ̀wù, a ta sódàbì fún ẹ̀wù.

Tọ́ntọ̀n lọ hú páálí ìṣáná náà lówùúrọ̀, ó tọ́jú rẹ̀ sáàárín ojú ewé kàyé. Lẹ́yìn náà ló wá wá ibi tó kọ “ẹja kan” sí lábẹ́ orúkọ Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó fa igi lé e, ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sókè pátápátá, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ẹja kan, díndín. Ó ní kò bínú. Ó kàn béèrè bóyá ó dùn. Ìyá Ìbejì ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn?

Tọ́, tọ́, tọ́. Rárá, kì í ṣe Ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹni yẹn ti jẹun yó. Ẹ wo ọ̀hún, ìyàwó Àlùfáà ni, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà télọ̀, ó wá gba búbá ọdún tó kọjá. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ gbọ́ bí télọ̀ ṣe ń dáhùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì:

“Edé ni o! Edé ni!”